Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń rí iye owó ọ̀yà alágbàṣe lórí àtẹ

Ní ìlú Abẹ́òkúta, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ojú ń rí ni àwọn alágbàṣe ń ṣe, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò gbà síṣẹ́ títí láé, ṣùgbọ́n tí a pè fún ọjọ́ díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí títí iṣẹ́ kan pàtó yóò fi parí. Àwọn ni wọ́n ń po kọnkéré níbi ilé tí ń yọ sókè ní Ọbáńtókó àti Àsẹ́rò, àwọn ni wọ́n ń di aṣọ tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú aró fún àwọn oníṣòwò àdìrẹ Ìtọ̀kú, àwọn náà ni wọ́n ń bá olóko kórè ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá. Nígbà kan, orí fọ́máànù tàbí inú ìwé kékeré tí akọ̀wé fi há abíyá ni iye tí olúkúlùkù ń gbà máa ń wà. Ní báyìí, àwọn agbaṣẹ́ṣe àti ilé-iṣẹ́ ń gbé ìṣirò náà lọ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá sì béèrè ìdí tí owó òun fi dín sí ti ẹnìkejì òun, èsì tí ó lè gbọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é.

Èsì yẹn kò tọ̀nà, bí ẹni tí ó fọ̀ ọ́ kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti purọ́. Kọ̀ǹpútà kì í fúnra rẹ̀ rò ó pé iye báyìí ni ó yẹ bíríkìlà. Ohun tí sọ́fúwíà ń ṣe ni pé ó ń lọ wo iye náà lórí àtẹ kan tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, ó ń mú ohun tí ó bá rí níbẹ̀, ó sì ń fi ṣe ìṣirò. Nítorí náà, iyekíye tí ó bá jáde lórí ìwé ọ̀yà ní ìlà tí ó ti wá, ìlà náà ní ẹni tí ó kọ ọ́, òṣìṣẹ́ sì lè béèrè pé kí a fi ìlà náà han òun. Ìdí tí mo fi kọ àlàyé yìí nìyẹn. Owó tí à ń sọ yìí ni owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé, kò sì yẹ kí ọ̀nà tí a gbà ṣírò rẹ̀ ṣókùnkùn sí ẹni tí ó laágùn fún un.

Ohun tí ó wà lórí àtẹ náà

Ẹ wo bí owó ọkọ̀ ṣe rí ní gáréèjì Kútọ̀. Ibi tí èrò ń lọ àti irú ọkọ̀ tí ó fẹ́ wọ̀ ni ó ń sọ iye tí yóò san. Kò sí ẹni tí ń jókòó ṣírò epo àti táyà ní gbogbo ìgbà tí èrò tuntun bá dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àtẹ owó-iṣẹ́ rí. Apá kan rẹ̀ ni ìbéèrè, apá kejì ni ìdáhùn. Apá ìbéèrè ni àwọn òpó tí ó ń sọ irú iṣẹ́, ìrírí òṣìṣẹ́, òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iṣẹ́ náà, àti ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀. Apá ìdáhùn ni òpó tí iye owó wà. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún àdéhùn kan, báyìí:

Iṣẹ́ | Ìrírí | Òṣùwọ̀n | Ó bẹ̀rẹ̀ ní | Iye
Bíríkìlà | ọdún 0 sókè, kò tó 3 | ọjọ́ kan | 1/1/2025 | ₦9,000
Bíríkìlà | ọdún 3 sókè, kò tó 8 | ọjọ́ kan | 1/1/2025 | ₦11,500
Bíríkìlà | ọdún 8 sókè | ọjọ́ kan | 1/1/2025 | ₦14,000
Lébìrà | gbogbo ìrírí | ọjọ́ kan | 1/1/2025 | ₦7,000
Àdìrẹ dídì | gbogbo ìrírí | aṣọ kan | 1/1/2025 | ₦1,200

Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí. N kò mú wọn láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kankan. Ká ní bíríkìlà kan tí ó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Sọ́fúwíà yóò mú irú iṣẹ́ rẹ̀, ọdún ìrírí rẹ̀, òṣùwọ̀n iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí ó ṣe é, yóò wá ìlà tí gbogbo wọn bá mu, yóò sì bá ìlà kejì pàdé: ₦11,500. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó fi ọjọ́ mẹ́fà sọ ₦11,500 di púpọ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦69,000. Ìpele méjì nìyí, ó sì ṣe pàtàkì kí a má da wọ́n pọ̀. Iye owó ọjọ́ kan wá láti orí àtẹ. Iye ọjọ́ tí a fi ṣiṣẹ́ wá láti inú ìwé tí fọ́máànù ń fọwọ́ sí. Bí owó bá dín, ẹ kọ́kọ́ wádìí èwo nínú méjèèjì ni ó ní àṣìṣe, nítorí pé akọ̀wé tí ń tọ́jú àtẹ kò lè dá ọjọ́ tí fọ́máànù gbàgbé láti kọ padà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn fi iye náà sínú fọ́múlà, kí a sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ bíríkìlà, kí ó san iye báyìí. Ọ̀nà yẹn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí iye bá yí padà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tí ó gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kúrò ní ₦30,000 lọ sí ₦70,000. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mosàn fi ti ìpínlẹ̀ yìí sí ₦77,000. Ẹni tí ó ti fọ́n 30,000 káàkiri inú fọ́múlà ní láti máa wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ojú rẹ̀ bá sì fò yóò máa san iye àtijọ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí iye rẹ̀ wà lórí àtẹ kọ ìlà tuntun kan, gbogbo ìṣirò sì tẹ̀lé e. Òfin ọdún 2024 yẹn tún sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó náà dípò ọdún márùn-ún márùn-ún, nítorí náà ìyípadà kò tíì tán. Ìdí mìíràn tún wà, òun ni ó sì wúwo jù lójú tèmi: ẹni tí ó kọ fọ́múlà ni ó sábà máa ń lè kà á, ṣùgbọ́n fọ́máànù, akọ̀wé owó àti bíríkìlà fúnra rẹ̀ lè jọ ka àtẹ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní sọ́fúwíà tí wọ́n ṣe fún èyí. SAP Fieldglass wà fún bíbójú tó àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá láti ìta. Sọ́fúwíà owó oṣù ti ilé-iṣẹ́ Oracle náà fàyè gba kí ẹni tí ń lò ó ṣẹ̀dá àtẹ tirẹ̀, kí ó sì yàn bóyá wíwá orí rẹ̀ yóò jẹ́ ti ìbámu gan-an tàbí ti ìwọ̀n tí ó bọ́ sí àárín iye méjì. Agbaṣẹ́ṣe kékeré lè fi Excel tàbí Google Sheets, àwọn sọ́fúwíà tí a fi ń ya àtẹ tí a sì ń ṣe ìṣirò lórí rẹ̀, ṣe ohun kan náà. Ọgbọ́n kan ni ó wà nídìí gbogbo wọn, àṣìṣe kan náà ni ó sì ń bá gbogbo wọn jà.

Ìlà wo ni kọ̀ǹpútà yóò mú?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gba sùúrù. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà wá nǹkan lórí àtẹ. Ọ̀nà kìíní ni ìbámu gan-an: bí ohun tí à ń wá kò bá sí níbẹ̀ bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí kọ̀ǹpútà sọ pé òun kò rí i. Ọ̀nà kejì ni ìbámu tí ó súnmọ́ ọn: bí kò bá rí ohun náà gan-an, kí ó mú èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí kò tó o. Ọ̀nà kejì dára fún ohun tí a ń fi nọ́ńbà kà, irú bí ọdún ìrírí, nítorí pé a kò lè kọ ìlà fún ọdún 3, ọdún 3 àti oṣù kan, ọdún 3 àti oṣù méjì, títí lọ. Ṣùgbọ́n fún orúkọ iṣẹ́, ewu ni.

Nínú Excel, fọ́múlà tí ó gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ yìí ni VLOOKUP. Ohun mẹ́rin ni a ń sọ fún un: ohun tí à ń wá, àtẹ tí a ó ti wá a, òpó tí ìdáhùn wà, àti bóyá ìbámu gan-an ni a fẹ́ tàbí ìbámu tí ó súnmọ́ ọn. Bí a bá fi ohun kẹrin sílẹ̀ láìsọ, Excel yóò gbà pé ìbámu tí ó súnmọ́ ọn ni a fẹ́. Ẹ wá wo àbájáde rẹ̀. Ká ní orúkọ iṣẹ́ tí ó wà lórí àtẹ, ní títẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì, ni bíríkìlà, káfíńtà, lébìrà àti pẹ́ńtà, tí a sì gba oníṣẹ́-iná kan wọlé láìtíì kọ ìlà fún un. VLOOKUP yóò wá "oníṣẹ́-iná", kò ní rí i, yóò padà sẹ́yìn sí orúkọ tí ó ṣáájú rẹ̀ nínú álífábẹ́ẹ̀tì, ìyẹn lébìrà, yóò sì fún oníṣẹ́-iná ní ₦7,000 ti lébìrà. Kò ní kìlọ̀, kò ní fi àmì pupa hàn. Iye náà yóò jáde bí iye gidi, oníṣẹ́-iná yóò sì rò pé ọ̀gá ni ó rẹ́ òun jẹ, nígbà tí ọ̀gá kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. XLOOKUP, tí ó dé lẹ́yìn VLOOKUP, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìbámu gan-an ni òun máa ń wá bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un.

Ìbámu gan-an náà ní wàhálà tirẹ̀, àwa tí a ń kọ Yorùbá sì ní láti kíyè sí i ju ẹlòmíràn lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, "bíríkìlà" tí ó ní àmì ohùn àti "birikila" tí kò ní i kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí àlàfo kan tí ojú kò rí bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí tí ó tún ṣòro jù ni pé lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀, irú bí ọ́, ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ tí a lè gbà tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ méjì lè jọra délẹ̀délẹ̀ lójú ènìyàn, kí sọ́fúwíà má sì kà wọ́n sí ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì kúkúrú tí kò ní àmì ohùn, bí BK fún bíríkìlà àti LB fún lébìrà, kí kọ̀ǹpútà máa fi àmì yẹn wá ìlà, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá tí ó pé pérépéré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ojú ènìyàn. Kí akọ̀wé má sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kí ó máa yàn án láti inú àwọn tí a ti tò sílẹ̀.

Ààlà tí ó wà láàárín ìpele ìrírí kan àti òmíràn tún ń fa àríyànjiyàn. Bí àtẹ bá sọ pé "ọdún 0 sí 3" àti "ọdún 3 sí 8", níbo ni ẹni tí ó pé ọdún mẹ́ta géérégé wà? Ìlà méjì ni ó bá a mu. Bí a bá sì kọ ọ́ ní "ọdún 0 sí 2" àti "ọdún 3 sí 8", ẹni tí ó ti lo ọdún méjì àti ààbọ̀ kò sí níbì kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "ọdún 3 sókè, kò tó 8" sínú àpẹẹrẹ òkè yẹn. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì gbé ẹnikẹ́ni sí ibi méjì.

Nígbà tí kò bá sí ìlà, àti nígbà tí ìlà bá ju ẹyọ kan lọ

Bí a bá lo ìbámu gan-an tí ìlà kò sì sí, Excel yóò kọ #N/A sójú ibẹ̀. Àmì yẹn kò dùn ún wò, nítorí náà àwọn ènìyàn máa ń fi fọ́múlà IFERROR bò ó, kí òdo lè jáde dípò rẹ̀. Mo bẹ gbogbo ẹni tí ń ṣe irú àtẹ yìí pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Òdo jẹ́ nọ́ńbà. Yóò wọ inú àròpọ̀ láìsí ìdíwọ́, àpapọ̀ owó ọ̀sẹ̀ yóò jáde, ilé ìfowópamọ́ yóò fi owó ránṣẹ́, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí kò rí náírà kan gbà ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn mìíràn máa ń ní iye kan tí wọ́n fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìlà. Ìyẹn sàn ju òdo lọ, ṣùgbọ́n ó ń mú kí àìsí ìlà pẹ́ kí a tó mọ̀. Ohun tí ó tọ́, lójú tèmi, ni kí sọ́fúwíà dá owó ẹni náà nìkan dúró, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí kò rí síwájú akọ̀wé, kí ó sì máa bá ti àwọn yòókù lọ, kí akọ̀wé lè tún un ṣe kí ọjọ́ owó tó pé.

Ìdàkejì rẹ̀ ni kí ìlà ju ẹyọ kan lọ. Agbaṣẹ́ṣe lè ní ìlà kan fún bíríkìlà níbikíbi, kí ó sì tún ní òmíràn fún bíríkìlà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní Ewékorò, nítorí pé ọ̀nà jìn, ó sì fẹ́ fi owó ọkọ̀ kún un. Bíríkìlà tí ó lọ sí Ewékorò bá ìlà méjèèjì mu. Òfin tí ó yẹ kí sọ́fúwíà tẹ̀lé ni pé èyí tí ó sọ ọ̀rọ̀ ní pàtó ni yóò borí èyí tí ó sọ ọ́ ní gbogboogbò, a sì gbọ́dọ̀ kọ òfin náà sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà kàn máa ń mú ìlà àkọ́kọ́ tí ó bá bá pàdé láti òkè wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tún àtẹ tò lọ́nà mìíràn ti yí owó àwọn ènìyàn padà láìfọwọ́ kan iye kankan. Bí ìlà méjì bá sì sọ ọ̀rọ̀ ní pàtó bákan náà, tí iye wọn yàtọ̀, kò sí òfin tí ó lè yanjú ìyẹn. Ṣe ni kí sọ́fúwíà kọ̀ láti gba ìlà kejì wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí a san owó

Nínú gbogbo òpó tí ó wà lórí àtẹ, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń rò pé kò ṣe pàtàkì ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, òun gan-an sì ni mo rò pé ó yẹ kí a ṣọ́ jù. Ká ní iye bíríkìlà ìpele kejì yí padà láti ₦11,500 sí ₦13,000 ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Akọ̀wé tí kò mọ̀ yóò pa 11,500 rẹ́, yóò sì kọ 13,000 rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án bá dé sí tábìlì rẹ̀ lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà yóò fi iye tuntun ṣírò iṣẹ́ àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè ní oṣù Kejìlá pé báwo ni a ṣe ṣírò owó oṣù Kẹjọ, kò sí ẹni tí ó lè fi hàn án mọ́, nítorí pé ẹ̀rí ti pa rẹ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a fi ìlà àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí a sì kọ ìlà tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1/10/2025 sí abẹ́ rẹ̀. Sọ́fúwíà yóò wá wo ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́, yóò sì mú ìlà tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ ọjọ́ náà jù láìkọjá rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án yóò gba ₦11,500, ti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá yóò gba ₦13,000, ìbáà jẹ́ ọjọ́ kan náà ni a san owó àwọn méjèèjì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni akọ̀wé tó kọ ìlà tuntun náà wọlé, iṣẹ́ tí a ti san owó rẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ 20 ti gba iye tí ó kéré. Sọ́fúwíà tí ó dára yóò tún un ṣírò, yóò yọ ohun tí a ti san kúrò, yóò sì fi ìyókù hàn gẹ́gẹ́ bí àjẹẹ́lẹ̀ owó tí a jẹ òṣìṣẹ́. Èyí tí kò bá lè ṣe é, ènìyàn ni yóò fọwọ́ ṣe é. A kò gbọdọ̀ gbà á láyè kí ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí bí a ṣe ń kọ ọjọ́. Ní Nàìjíríà, 1/10 ni ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Kọ̀ǹpútà tí a ṣètò ní ìlànà Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní, iye tuntun yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú àkókò rẹ̀.

Nígbà tí owó oṣù bá ní láti di owó ọjọ́

Àwọn kan máa ń fẹ́ kí owó ọjọ́ alágbàṣe bá owó oṣù tí ó kéré jù lọ ṣe déédé. Ìpinnu rere ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni oṣù ní? Bí a bá pín ₦77,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ₦3,500 ni ọjọ́ kan. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 26, fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ títí di Sátidé, ₦2,961.54 ni. Owó oṣù kan náà ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ owó ọjọ́ kan lé ní ₦500. Nọ́ńbà tí a fi pín in gbọ́dọ̀ hàn lórí àtẹ, ní òpó tirẹ̀, kí ó má fara pamọ́ sínú fọ́múlà. Kọ́bọ̀ tí ó ṣẹ́kù náà ń fẹ́ ìpinnu. Bí sọ́fúwíà bá gé e sí ₦2,961, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 yóò gba ₦76,986, tí kò tó ₦77,000. Bí ó bá sọ ọ́ di ₦2,962, yóò gba ₦77,012. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lábẹ́ iye tí ìpínlẹ̀ fi lélẹ̀, èkejì wà lókè rẹ̀, nítorí náà òkè ni kí a máa sún un sí.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ kò de gbogbo ènìyàn. Ó yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó yọ àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí iṣẹ́, ó yọ àwọn tí a ń san owó fún ní ìbámu pẹ̀lú iye ohun tí wọ́n ṣe, ó sì yọ iṣẹ́ tí ó ní àkókò bí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ń di àdìrẹ ní ₦1,200 fún aṣọ kan wà lára àwọn tí ó yọ sílẹ̀. Nítorí náà, iye tí a kọ sórí àtẹ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ààbò tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó mọ̀ ọ́n kí ó tó fọwọ́ kan aṣọ àkọ́kọ́.

Ti iṣẹ́ àṣelé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ófátáìmù, kò gùn. Labour Act, òfin tí ó de iṣẹ́ ní Nàìjíríà, sọ pé kí òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n kò sọ iye ìlọ́po tí a ó fi san iṣẹ́ àṣelé. Àdéhùn ni ó ń sọ ọ́. Àtẹ kékeré kan lọ́tọ̀ ni ó dára jù fún un. Bí àdéhùn bá sọ pé ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí 8 àti pé ìlọ́po àṣelé jẹ́ 1.5, wákàtí kan bíríkìlà ₦11,500 jẹ́ ₦1,437.50, wákàtí àṣelé méjì yóò sì jẹ́ ₦4,312.50. Ẹ rí i dájú pé àtẹ náà sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àṣelé bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, bóyá ìlọ́po àṣelé àti ìlọ́po ọjọ́ Àìkú, bí àdéhùn bá ní i, yóò gun ara wọn tàbí èyí tí ó tóbi jù nìkan ni a ó lò.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ni ó ń kó òṣìṣẹ́ wá fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, iye méjì ni ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ní: iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà, àti iye tí ẹni tí ó kó o wá ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ń ti ibẹ̀ jáde, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá gbọ́ iye kejì tí ó sì rò pé tirẹ̀ ni, tàbí nígbà tí fọ́múlà bá lọ ka òpó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà lórí ìwé ọ̀yà

Ẹni tí ó lè yí àtẹ padà ti lè yí owó gbogbo ènìyàn padà. Kò yẹ kí ẹni tí ń kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀ náà jẹ́ ẹni tí ń kọ iye owó, ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti ti ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Sọ́fúwíà ńlá máa ń tọ́jú èyí fúnra rẹ̀. Nínú Excel, òpó méjì péré ni a ó fi kún un.

Lórí ìwé ọ̀yà alágbàṣe, tàbí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, kò yẹ kí àpapọ̀ owó nìkan wà. Kí àmì ìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, bí BK2 fún bíríkìlà ìpele kejì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìlà náà bẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀, iye rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí a kà fún un. Pẹ̀lú ohun márùn-ún yìí, bíríkìlà lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó fi bírò ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tí yóò sì bi akọ̀wé yóò mọ́ kedere: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìpele wo ni ẹ kọ mí sí, ọdún ìrírí mélòó ni ẹ sì kà fún mi?" Ó dára kí ó bi í ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé àtúnṣe ọdún ìrírí kí a tó san owó kò ju pé kí akọ̀wé yí nọ́ńbà kan padà lọ, ṣùgbọ́n bí owó bá ti jáde, àjẹẹ́lẹ̀ ni, ẹni mìíràn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó lè san án.